Bó Ẹ̀pà Kó O Tó Fa Géèjì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi. Ràfíù Ẹlẹ́pà ni wọ́n ń pè mí nílùú Ẹdẹ. Mi ò ta ẹ̀pà rí o. Ẹ̀rọ ni mo fi ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún tún ṣe: ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ tó ń lọ ata, ẹ̀rọ tó ń fún epo pupa, gbogbo ohun tó bá ti ń mu epo dísù tó sì ń tú èéfín. Láti Sekona dé Alajue, títí wọ inú oko àwọn ará Ara, bí ẹ̀rọ kan bá wúkọ́ láàárọ̀, èmi ni wọ́n máa ránṣẹ́ sí kí oòrùn tó ga. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi àwọn obìnrin tó ń din gàrí ní Alajue. Ṣùgbọ́n kó mú ìjókòó dání, torí wọn ò ní tètè sọ̀rọ̀ mi tán.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ ò gùn rárá: bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Láṣísì lágboolé wọn, wọ́n ṣàdúà, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà kí n wọlé. Ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí iṣẹ́ ẹ̀rọ ń mú wọlé kó lọ bi ẹlòmíràn. Mo fi kọ́lé, mo fi tọ́mọ, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Láṣísì ga, wọ́n gbẹ bí igi àjà, ohùn wọn kì í sì í ròkè. Ẹ gbọ́ mi, ọ̀gá tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Odidi ọdún kan, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípánà. Kẹrosíìnì ni mo fi ń fọ irin, etí ni mo sì fi ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n á ní ká dijú, wọ́n á tan ẹ̀rọ, wọ́n á bi wá pé, "Kí ló ń ṣe é?" Ẹni tó bá ṣì í ni yóò fi iyẹ̀pẹ̀ nu gbogbo ọ́ìlì tó dà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi kì í sábà ṣì í. Kì í ṣe ìgbéraga, Ọlọ́run ló fún mi létí.

Àmọ́ òfin kan wà tí Ọ̀gá fẹ́ràn ju gbogbo òfin yòókù lọ. Nínú ẹ̀rọ, ọ́ìlì máa ń wà nísàlẹ̀, bí omi ọbẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò. Géèjì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tá a máa ń fà yọ láti wo ibi tí ọ́ìlì náà dé. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ọ́ìlì ti gòkè, ó ti fọ́n ká sára àwọn irin. Bó o bá fa géèjì nígbà náà, irọ́ ló máa pa fún ọ. O gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ, kó o jẹ́ kó sinmi, kí ọ́ìlì padà sílé. Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti sinmi tó? Ọ̀gá á ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n á yọ ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà tó wà nínú èèpo, wọ́n á dà á sí ọ lọ́wọ́.

"Pa á," wọ́n á ní. "Jókòó. Bó ẹ̀pà."

Ìgbà tó o bá bó ẹ̀pà náà tán lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, tó o jẹ ẹ́ tán, ni o tó lè fa géèjì. Wọ́n ní ọwọ́ tó bá ń bó ẹ̀pà kì í ráyè ṣe wèrè. Àwọn oníbàárà sọ wá di ọmọ Ẹlẹ́pà. "Ẹ wá wò wọ́n! Ẹ̀rọ ń kú lọ, àwọn ń jẹun!" Ọ̀gá ò ní dáhùn. Wọ́n á fẹ́ èèpo ẹ̀pà dànù, wọ́n á jẹ tiwọn.

Ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ ni mo gbọ́n ju Ọ̀gá lọ.

Alajue la wà, nílé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń kọ kọ́kọ́kọ́ nínú. Ọ̀gá ní àwọn ń lọ kí baálẹ̀, pé kí n máa wò ó, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn obìnrin ti tò sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ bíbó nínú agbada, ojú gbogbo wọn wà lára mi. Omidan kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń fọ àpò ìfúngàrí nínú omi. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

"Ìwọ mẹkáníìkì yìí," ó ní, "ṣé ò ń tún ẹ̀rọ ṣe ni, àbí ò ń kí i kú ìnáwó?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo na ọwọ́, mo fa géèjì bí ẹ̀rọ ṣe ń sáré lọ́wọ́. Irin náà gbẹ táútáú. Mo ní, "Ẹ ò rí i? Ọ́ìlì ló ń wá!" Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo dà á sínú rẹ̀ gbọlọgbọlọ. Kọ́kọ́kọ́ náà rọlẹ̀ díẹ̀, mo sì wo omidan yẹn bí ẹni pé kó wá kúnlẹ̀ kí mi.

Mi ò tíì wò ó tán tí ohùn ẹ̀rọ fi yí padà. Èéfín funfun yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń ké, páànù òrùlé ń gbọ̀n. Mo dí ojú epo dísù pa kó lè kú. Kò kú. Ọ́ìlì tí mo dà sí i ti pọ̀ jù, ẹ̀rọ ti ń fà á mu, òun ló wá ń fi sáré. Ẹ̀rọ tó bá ti ń jẹ ọ́ìlì inú ara rẹ̀, a kì í fi ebi pa á. Àwọn obìnrin ju agbada sílẹ̀, wọ́n sá. Èmi, akọni, mo na ọwọ́ òsì kí n já bẹ́líìtì kúrò. Ìka méjì ló bá a lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí ohùn Ọ̀gá ròkè. Láti ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń sáré bọ̀, tí wọ́n ń pariwo: "Ẹ dí i nímú! Ẹ dí i nímú!" Kò sẹ́ni tó yé. Omidan yẹn nìkan ló yé, pé ohun tó bá ń mí, yóò ní imú. Ó fa àpò tó rin gbindin yọ nínú omi, ó sáré wọlé, ó wo ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọnú ẹ̀rọ, ó sì fi àpò náà dí i pa, tọwọ́tẹsẹ̀. Èémí há mọ́ ẹ̀rọ náà, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú.

Ó yíjú sí mi, ó rí ọwọ́ mi. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi dì í.

"Òmùgọ̀," ó ní, omi ń dà lójú rẹ̀. "Òmùgọ̀ gbáà."

Ẹni tó pè mí lómùgọ̀ lọ́jọ́ náà, Sìkírátù lorúkọ rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n so yìgì wa. Kò tíì gba ọ̀rọ̀ náà padà títí dòní.

Ọ̀gá ò nà mí. Nígbà tí wọ́n di ọwọ́ mi tán nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé mi lọ, Ọ̀gá jókòó tì mí, wọ́n da ẹ̀pà sí mi lórí itan. "Bó o," wọ́n ní. Ọwọ́ kan péré ni mo lè lò. Eyín ni mo fi ń ran ọwọ́ lọ́wọ́, ó sì gbà mí títí di ìrọ̀lẹ́. Wọn ò dìde. Wọn ò bá mi bó ẹyọ kan, wọn ò sì fi mí sílẹ̀. Bí Ọ̀gá Láṣísì ṣe mọ ìfẹ́ í fi hàn nìyẹn, kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n.

Láti ìgbà náà, mi ò fa géèjì láìbó ẹ̀pà mọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà lórí ẹpọ̀n.

Iṣẹ́ yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ ìgbà tèmi, èèyàn méjì ló ń yí ọwọ́ rẹ̀ kó tó jí. Ìsinsìnyí, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń yí. Ẹ̀rọ kékeré ń wá nínú páálí, ó fúyẹ́ bí ewúrẹ́. Bó bá kú, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á ra òmíràn. Jélílì tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, tó ti ń dá dúró ní Sekona báyìí, fóònù ló ń gbé ti ẹ̀rọ létí, táwọn tó wà l'Ékòó á sì máa bá a gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Mo fi í rẹ́rìn-ín títí ọ̀fun fi dùn mí. Ṣùgbọ́n mo yọjú síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí èèpo ẹ̀pà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀. Inú mi dùn délé.

Nígbà tí etí òsì mi di tán, tí ẹ̀yìn náà ń dùn mí, mo kó irinṣẹ́ fún Jélílì. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà yẹn. Sìkírá ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n wá máa tún ilé ṣe. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ tó le jù ló ṣẹ́kù.

Ìyàwó mi ti ń lo oògùn kan nígbà náà. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ooru kan sì máa ń dìde láti àyà rẹ̀ gun orí, á làágùn bí ẹni tó jókòó ti iná. Dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣàlàyé fún wa pé ohun kan wà nínú ara obìnrin tí wọ́n ń pè ní họ́mọ́ònù, pé ó máa ń dín kù bí nǹkan oṣù bá lọ, àti pé oògùn náà ń fi díẹ̀ rọ́pò èyí tó lọ. Hóró kan lójúmọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìyàwó mi fi padà sílé. Mo ní padà sílé torí pé ó ti ń kọrin nídìí ààrò, ó sì ti ń bú mi bó ṣe yẹ.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

"Bàbá Kúdí, mo rí ẹ̀jẹ̀."

Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti rí i kẹ́yìn. A ò jẹ ẹ̀wà náà. A gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.

"Màmá, ẹ dá oògùn yẹn dúró ná," dókítà ní. "Mi ò mọ̀ bóyá òun ló fa ẹ̀jẹ̀ yìí, àbí nǹkan mìíràn wà nínú ilé ọmọ. Bí nǹkan mìíràn bá wà níbẹ̀, oògùn yìí lè máa bọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká dá a dúró títí a ó fi yẹ inú wò, ká mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ sí ibi àyẹ̀wò."

"Ṣé jẹjẹrẹ ni?" Sìkírá bi í. Bó ṣe rí nìyẹn, kì í gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Mi ò sì ní purọ́ fún yín pé kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tá a fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

Wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ọjọ́ pé tá a dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ti bàjẹ́, ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn. Nọ́ọ̀sì wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ nínú mọ́ṣáláṣí.

Ooru ti padà, ó sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání. Lọ́sàn-án gangan, Sìkírá á fi ẹ̀yìn ti ògiri balùwẹ̀, á ní ògiri ló tutù. Obìnrin tí kò ṣi iyọ̀ fi sọ́bẹ̀ rí, ó da ṣúgà sínú ọbẹ̀. Adìyẹ kan wọ yàrá, Sìkírá bú sẹ́kún. Mo rí fáànù ọkọ̀ àtijọ́ kan, mo so ó mọ́ bátìrì, mo fi irin gbé e dúró. Iṣẹ́ ọwọ́ mi, ẹni tó rí i yìn ín. Nígbà tí mo tàn án, ó já kàlẹ́ńdà lára ògiri, ó gbé ìborùn lórí ìyàwó mi.

"Bàbá Kúdí," ó ní, "ṣé ẹ fẹ́ kí n tutù ni, àbí ẹ fẹ́ kí n fò dé Ìbàdàn?"

Mo pa á. Mo lọ mú abẹ̀bẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe mi kejì láyé. Ìwọ̀nba méjì náà ni. Mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi gbọ́ ohùn ohun tó ń jìyà, kí n sì dìde tún un ṣe. Mi ò lè jókòó kí n máa gbọ́ ti ìyàwó mi. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo mú páálí oògùn náà tó ti ṣófo, mo gun ọ̀kadà lọ sí Sekona, mo fi hàn wọ́n nílé kẹ́míìsì kan. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n tà á fún mi. Mo délé, mo bu omi sínú ife, mo gbé méjèèjì síwájú rẹ̀.

"Lo ìlàjì," mo ní. "Kí ni ìlàjì máa ṣe? Dókítà ò ní mọ̀."

Ó gba páálí náà. Ó fún hóró kan yọ, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó. Òógùn ń ṣàn ní ẹ̀bátí rẹ̀. Mo rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ. Mo gbé ife omi sún mọ́ ọn.

"Bàbá Kúdí, ẹ mú ọwọ́ òsì yín wá."

Mo nà á sí i. Ó fi ìka tẹ ibi tí ìka mi méjì ò sí.

"Kí ló fa èyí?"

"Ìkánjú ni."

"Irọ́. Ẹ fa géèjì, ẹ ò pa ẹ̀rọ. Géèjì purọ́ fún yín, ẹ sì gbé ọ́ìlì lé ọ́ìlì." Ó da hóró náà padà sí mi lọ́wọ́. "Èmi ni mo dí i nímú lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n ti wá pa ẹ̀rọ tèmi kí wọ́n lè rí òótọ́ inú rẹ̀, ẹ̀yin tún fẹ́ tàn án. Bí wọ́n bá wá wò ó, kí ni kí wọ́n rí?"

Mo gbé ife omi náà sẹ́yìn. Èmi, Ràfíù.

"Ó ń gbóná mọ́ mi," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó gbóná. Ẹ lọ ra ẹ̀pà wá."

Èéfín bá wọ̀ mí lójú, bẹ́ẹ̀ a ò dáná.

Bá a ṣe ṣe é fọ́jọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn. Bí ooru náà bá ti ń gòkè, ó máa jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, á da ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà sórí itan, á máa bó o, èmi á máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ wá wo nǹkan: kí ẹ̀pà tó tán, ooru á ti lọ. Lọ́jọ́ mìíràn á bú mi títí ẹ̀pà fi tán. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tá a padà dé ilé ìwòsàn, ó mú páálí tí mo rà, ó gbé e fún dókítà. Ó fi ẹnu júwe mi.

"Bàbá, ta ló kọ èyí fún yín?"

"Ọ̀gá mẹkáníìkì ni mí," mo ní.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bá mi tún Màmá ṣe mọ́."

Wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, wọ́n yọ nǹkan kékeré kan níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ní ká wá gbọ́ èsì nígbà tó bá jáde.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti dúró ti ẹ̀rọ tó fẹ́ fọ́ mọ́ mi lórí. Mo ti wọ abẹ́ ẹ̀rọ tí igi kan ṣoṣo gbé dúró. Ẹ̀rù ò bà mí tó bó ṣe bà mí lórí bẹ́ǹṣì tá a jókòó sí lọ́jọ́ èsì. Sìkírá tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí orúnkún wa méjèèjì, ó da ẹ̀pà sí i. Obìnrin tó ń gbá ilẹ̀ kọjá.

"Bàbá, èèpo kan ò gbọdọ̀ jábọ́ síbí o!"

"Kò ní jábọ́, ọmọ mi," Sìkírá dá a lóhùn. "Ọ̀gá ni wọ́n nídìí ẹ̀."

Ìka mẹ́ta kì í bó ẹ̀pà kíákíá. Ilẹ̀kùn ṣí, mo fò dìde. Ẹlòmíràn ni wọ́n pè. Sìkírá fa etí bùbá mi.

"Ẹ jókòó. Ẹ ò tíì bó o tán."

Mo jókòó. Mo ń bó o, mi ò mọ adùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè wá lóòótọ́, mo yí etí ọ̀tún mi sí dókítà kí n má bàa gbọ́ ọ lódì.

"Ẹran kékeré kan ló hù síbẹ̀, Màmá. A ti yọ ọ́. Kì í ṣe jẹjẹrẹ." Ó tún un sọ, torí kò sẹ́ni tó mira nínú wa. "Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ní ti ooru yẹn, ẹ má padà sí oògùn àtijọ́ fúnra yín. A máa jọ wo èyí tó bá yẹ yín wàyí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí náà, bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, dókítà ló ń dá a dúró, òun náà ló ń sọ pé kó padà. Kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe mẹkáníìkì, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó.

A jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọwọ́ òsì mi dì pa. Sìkírá tú u. Ẹ̀pà kan wà níbẹ̀, nínú èèpo rẹ̀.

"Ó ku ẹyọ kan," ó ní. "Ẹ bó o."

Mo gbìyànjú. Ọwọ́ tó ti tú ẹ̀rọ palẹ̀ láti Sekona dé Ara, kò lè fọ́ èèpo ẹ̀pà. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fọ́ ọ. Hóró méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó fi ọ̀kan sí mi lẹ́nu, ó ju ìkejì sẹ́nu ara rẹ̀.

"Òmùgọ̀," ó ní.